Páànù Yí Pápá Wa Ká

Tíṣà Bramwell fi àtẹ́lẹwọ́ gbá páànù náà títí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Aago méje àárọ̀ kò tíì lù. Àsíá tuntun wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́ dáadáa kó tó ká a, okùn tó máa fi fà á gòkè sì wà nínú báàgì rẹ̀ pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù mẹ́rìnlélógún tí àwọn ọmọdé máa dì mú jó yí òpó ká. Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ, òun ló ń kọ́kọ́ dé pápá Cedar Gut, òun ló ń fa àsíá òmìnira sókè kí oòrùn tó mú, lẹ́yìn náà ni gbogbo ìlú á tú jáde pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ orí ewúrẹ́ àti àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n máa fi sáré ìje. Lónìí tí òmìnira Jàmáíkà pé àádọ́ta ọdún gééré, ó dé, kò rí pápá. Páànù ló rí.

Páànù náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá títì, ó lọ títí dé etí odò, ó sì ga débi pé orí igi ọ̀pẹ nìkan ló ń yọ lókè rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé gàgàrà mọ́ ọn: àwòrán àwọn olórin rẹ́gẹ̀ mẹ́sàn-án, gbogbo wọn lanu, àti àkọlé pé ní àyájọ́ àádọ́ta ọdún òmìnira, ẹ wá gbọ́ rẹ́gẹ̀ lójúkorojú, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ dọ́là Jàmáíkà lẹ́nu géètì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Montego Bay, ìrọ̀lẹ́ àná ni bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀ níwájú ilé. Gbogbo ojú títì ló ń pariwo nígbà náà, àwọn èèyàn ń gbá ọmọrí ìkòkò mọ́ ara wọn, torí ọmọ Jàmáíkà ti sáré ju gbogbo ayé lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Tíṣà náà pariwo tirẹ̀, ó wọlé, ó sùn. Wọ́n ti sọ fún un lórí fóònù pé àwọn olórin ń bọ̀ wá ṣeré lọ́jọ́ òmìnira, ó sì dùn mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n á fi páànù dí òun mọ́ta.

Nígbà tó gbá páànù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí. Ọ̀dọ́kùnrin fìrìgbọ̀n kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀ yọjú.

"Màmá, tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì kí ni?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì eré. Ẹ ò ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní bẹ́líìtì ọwọ́, ẹ ò lè wọlé. Géètì ò ní ṣí títí di aago mẹ́rin."

"Èmi ni mo fẹ́ wọ pápá yìí tí o ń bi mí ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Màmá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"Ta ló rán ẹ?"

"Ọ̀gá."

"Ọ̀gá gba pápá lọ́wọ́ ta ni?"

"Wọ́n ní àwọn àgbà ìlú ló fọwọ́ síwèé. Jéépì tí ìjọba yàn láti máa jẹ́rìí síwèé ti lu òǹtẹ̀ sí i pàápàá. Gbogbo ẹ̀ pé." Ó rọra ti ilẹ̀kùn náà, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dún.

Tíṣà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àsíá lábẹ́ apá. Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà tún wá bí i nínú. Àwọn àgbà ìlú. Àgbà mẹ́ta ni wọ́n fi pápá náà sí lọ́wọ́ láti ìgbà tí olóko ìrèké tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi í sílẹ̀ fún ìlú, ẹnikẹ́ni kò sì lè yá a tàbí kó fi í háyà láìjẹ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i. Ọ̀kan ti wà ní Kánádà láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀kan wà lórí ibùsùn, kò dá ọmọ ara rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ẹni kẹta tó kù ni Vassell Dunkley, tó ń gé koríko pápá náà, tí gbogbo ìlú ń pè ní Máàsì Vass. Ẹsẹ̀ Tíṣà ti mú ọ̀nà ilé rẹ̀ pọ̀n kí ó tó rò ó tán.

Máàsì Vass jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ife tíì ewé kíkorò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ó fi ọdún mọ́kànlá ju Tíṣà lọ.

"Tíṣà, ẹ kú àbọ̀ o. Ṣé ẹ ti rí ohun tí wọ́n..."

"Mo ti rí i. Ta lẹ fún ní pápá?"

"Èmi? Mi ò fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé àdá mi, mo ní kí n lọ gé koríko sílẹ̀ de òní, mo bá páànù. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé lọ jókòó. Mo bi wọ́n pé..."

"Ṣé ẹ tẹ̀ka fún wọn?"

Tíṣà rẹ ohùn sílẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yẹn, torí ojú ọ̀nà ti ń kún. Máàsì Vass kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Tíṣà nìkan ló mọ èyí ní Cedar Gut. Nígbà kan, ó fi alẹ́ mọ́kànlá kọ́ ọ lẹ́yìn ilé ìwé, kí ọkùnrin náà tó ní ojú ń dun òun, tí kò wá mọ́. Ó bẹ Tíṣà pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sọ.

"Mi ò tẹ nǹkan kan," Máàsì Vass sọ. "Ọlọ́run ń gbọ́."

"Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, Jéépì ti lu òǹtẹ̀ sí i. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Jéépì gbọ́dọ̀ rí ẹni tó fọwọ́ síwèé, lójú ara rẹ̀, kó tó lù ú. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn, mo mọ ohun tí mò ń sọ."

"Bóyá wọ́n parọ́ ni."

"Jéépì ò lè parọ́." Ó ronú kan ọkùnrin kejì tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìsàlẹ̀ òkè, tó máa ń fi ọtí pa òùngbẹ àárọ̀. "Ọ̀mùtí yẹn lè má wojú ẹni tó wá bá a, ìyẹn ni mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni kan gbọ́dọ̀ ti lọ bá a. Ìwọ lo lọ."

Àwọn èèyàn ti dúró ní ẹnu ọgbà. Clover, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ilé náà, ti sọdá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Máàsì Vass," Clover pè é, "kíréètì bíà mélòó ni wọ́n gbé fún yín? Ẹ jẹ́ ká mọ̀, ká lè wá bá yín mu níbẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Máàsì Vass ń wo Tíṣà, kò wo ẹlòmíràn. Ó ń retí pé kó sọ nǹkan kan. Tíṣà sì sọ ọ́.

"Irú ẹ ló ń di ẹgba mú fún òyìnbó nígbà ẹrú. Òyìnbó á jókòó sí ìbòji, irú ẹ á máa nà wá nínú oòrùn."

Ẹ̀rín tán. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kì í sọ síra wọn ní Cedar Gut nìyẹn, kódà tí wọ́n bá mu rọ́ọ̀mù yó. Máàsì Vass gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo."

"Máa gbé e bẹ́ẹ̀," ó sọ, ó sì yíjú padà.

Nígbà tó fi máa di aago kan ọ̀sán, gbogbo ìlú ti wà lẹ́bàá páànù. Wọ́n dáná sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù tó wà létí títì, wọ́n gbé iṣin àti ẹja oníyọ̀ kaná, torí inú bí èèyàn, inú bí èèyàn, ebi náà ń pa á. Àwọn ọ̀dọ́ ń fa igi lára páànù kó lè máa dún. Tíṣà gun orí òkúta kan, ó ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohùn rẹ̀ tó ti fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ fún ogójì ọdún kò tíì ha.

"Àwọn bàbá wa ò gba òmìnira kí àwa wá máa yọjú wò ó láti inú ihò ìṣó," ó sọ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀, ó tún un sọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé láti àárọ̀ ni ìbínú náà ti ń gbé e kiri, kò rẹ̀ ẹ́, kò rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kò tiẹ̀ jókòó. Ó pẹ́ tí ara rẹ̀ ti yá tó báyìí. Máàsì Vass wá, ó dúró lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná, kò sí ẹni tó fún un ní ìjókòó, kò sí ẹni tó bu oúnjẹ fún un. Tíṣà rí i. Ó yíjú sí ibòmíràn.

Ní inú páànù lọ́hùn-ún, àwọn olórin ti ń yẹ ẹ̀rọ wọn wò. Ìlù kọ́kọ́ dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún dún. Lẹ́yìn náà ni béèsì wọlé. Béèsì rẹ́gẹ̀ kì í gba etí wọlé: àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbà, á gun orúnkún, á wá jókòó síkùn. Gbogbo páànù láti títì dé etí odò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Jìtá wá ń bọ́ sáàárín ìlù ní ṣókí ṣókí, ohùn obìnrin kan sì gòkè, ohùn tó ha díẹ̀, tí kò kánjú rárá.

*Ilẹ̀ tí ìyá mi fi ọkọ́ là, ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́,* obìnrin náà ń kọrin. *Ẹ ṣí ọ̀nà fún mi, ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.*

Ìbàdí kò mọ̀ pé ẹni tó ni òun ń bínú. Clover ń jó, gbẹ̀rẹ̀fútù tó gbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àkísà. Àwọn tó ń fa igi lára páànù ti ń fà á bá ìlù mu. Tíṣà wolẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ ọ̀tún ara rẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀ lórí òkúta, ó sì pa á láṣẹ pé kó dúró. Wọ́n fi páànù gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn tán, wọ́n wá ń kọ orin ilẹ̀ sí i létí láti ẹ̀yìn páànù náà. Ohun tó bí i nínú jù ni pé orin náà dára.

"Ẹ dáwọ́ ijó dúró," ó pariwo. "Ṣé ijó la wá jó? Ìwé la fẹ́ rí. A fẹ́ mọ Jéépì tó ta wá."

"A fẹ́ rí ìwé," àwọn èèyàn gbè é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbá páànù.

Ìyẹn ló mú ọ̀gá jáde. Garfield Pinnock ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Kingston, fóònù méjì lọ́wọ́, òógùn lójú. Ó bọ́ fìlà nígbà tó dé iwájú Tíṣà.

"Màmá, wọ́n ní ẹ fẹ́ rí ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, mà."

"Gbogbo wa la máa wọlé."

"Wáyà iná wà nílẹ̀ káàkiri, mà. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè mú wọlé báyìí."

Tíṣà yíjú sí àwọn èèyàn. "Orúkọ Jéépì yẹn ni mò ń lọ wò," ó sọ. "Bí mo bá jáde, gbogbo yín lẹ máa gbọ́ ọ." Wọ́n hó yèè tẹ̀ lé e títí ilẹ̀kùn kékeré náà fi tì mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ohun tó kọ́kọ́ rí nínú pápá ni òpó àsíá. Wọ́n ti hú u, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé ìyàgbẹ́ oníke. Níbi tí òpó náà ti máa ń dúró, wọ́n gbé ìtàgé kalẹ̀ níbẹ̀, sípíkà sì tò lórí ara wọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì bí ilé alájà mẹ́ta. Obìnrin tó ń kọrin wà láàárín wọn nínú sílípáàsì, ó ń mu omi àgbọn, ó ń fi ìka júwe fún ẹni tó ń ta béèsì pé kó túbọ̀ rọra. Tíṣà kò dúró wò ó. Ó wọ inú àgọ́ tí Pinnock fi ṣe ọ́fíìsì.

Lenworth Gayle wà níbẹ̀. Tíṣà ló kọ́ ọ ní àlífábẹ́ẹ̀tì, òun náà ló fi ṣe olórí kíláàsì. Ní báyìí ó ń bá káńsẹ́lọ̀ ṣiṣẹ́, bẹ́líìtì ọwọ́ aláwọ̀ wúrà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí Tíṣà, ó dìde wàrà, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀.

Pinnock yọ ìwé kan nínú fáìlì, ó gbé e síwájú rẹ̀. Tíṣà fi gíláàsì sójú. Kò ka òkè ìwé náà rárá, ìdí rẹ̀ ló lọ tààrà, torí orúkọ ló wá wò. Ó wá ìtẹ̀ka. Kò sí ìtẹ̀ka níbẹ̀. Ìfọwọ́sí mẹ́ta ló rí, yíǹkì kan náà, èyí tó gbẹ̀yìn ni Vassell Dunkley, ó gùn, ó rẹwà, ó tilẹ̀ ní ìlà kékeré kan lábẹ́ tó yí padà bí ìrù ológbò.

Ayọ̀ gba àyà rẹ̀ kan. Irọ́ ni. Ó ti mú wọn.

"Ọwọ́ ọkùnrin yìí kọ́ nìyí," ó sọ. "Èmi ló yẹ kí ẹ bi. Jéépì wo ló jókòó, tó ní ojú òun ni Vassell Dunkley ṣe kọ irú nǹkan báyìí?"

Ìka rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sí ibi òǹtẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó fọwọ́ kan orúkọ inú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó kà á. Icilda M. Bramwell. *Lójú mi ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún.*

"Mo rò pé ẹ mọ̀, mà," Pinnock sọ. "Nígbà tí wọ́n ní Tíṣà ló ń pariwo níta, ó yà mí lẹ́nu díẹ̀."

Tíṣà rántí ọjọ́ náà. Ó wù ú kó má rántí, ṣùgbọ́n ó rántí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lenworth gbé ìwé méje wá bá a ní báráńdà. Tíṣà ka fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà Lenworth láti orí dé ẹsẹ̀, ó rí ibi tí ọmọ náà ti ṣi orúkọ ìlú ìyá rẹ̀ kọ, ó sì mú kó jókòó tún un kọ, ó ń bá a wí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìgbà tó ti ń bá àwọn olóṣèlú rìn. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dórí ìwé tó kẹ́yìn, ó ti ń da omi ọsàn sínú ife fún un. "Ti pápá nìyí, Tíṣà," Lenworth sọ, "wọ́n fẹ́ tún géètì ṣe. Àwọn àgbà ti fọwọ́ sí i." Tíṣà ní ó tiẹ̀ ti pẹ́ jù, ó sì tẹ òǹtẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Kò wò ó. Ọmọ tí òun kọ́ ni, ta ni ìbá wò ó?

"Mà," Pinnock sọ jẹ́jẹ́, "kò yẹ kó di ariwo. Mo lè fún yín ní bẹ́líìtì ọwọ́ ọgọ́ta fún àwọn èèyàn yín. Àwọn ọmọ yín á wá jó ríbọ́ọ̀nù wọn lórí ìtàgé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á sì gbé e. Ẹ kàn sọ fún wọn níta pé ìwé náà pé. Kò sẹ́ni tó máa béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú àánú ló fi ń wò ó, èyí sì burú ju èébú lọ. Tíṣà mọ̀ pé ohun tó sọ ṣeé ṣe. Ìlú ti ní olè tirẹ̀ láti àárọ̀, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná, ebi sì ń pa á.

"Ṣé mo lè mú ìwé yìí jáde?"

"Ẹ̀dà ni, mà. Ẹ máa mú un lọ. Mo ní òmíràn."

Nígbà tó yọ níta, ariwo sọ. Clover ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Tíṣà, ta ni? Ọ̀mùtí ìsàlẹ̀ òkè yẹn ni, àbí?"

"Èmi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní Tíṣà mọ àwàdà ṣe.

"Mi ò ṣàwàdà. Òǹtẹ̀ mi ló wà níbẹ̀. Lenworth gbé e wá bá mi nílé, ó ní wọ́n fẹ́ tún géètì ṣe, mi ò kà á, mo lù ú."

Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Béèsì ń lọ ní tirẹ̀ nínú páànù. Clover gbé gbẹ̀rẹ̀fútù rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí ìkejì.

"Ẹ ò kà á?" ó bi í. "Ẹ̀yin?"

Kò sí èébú tí wọ́n lè bú u tó tó ìyẹn. Ó fẹ́ kí wọ́n pariwo mọ́ ọn, kí ẹnì kan tilẹ̀ sọ òkò, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ló sọ̀rọ̀: "Ṣùgbọ́n Máàsì Vass náà fọwọ́ sí i, àbí kò fọwọ́ sí i?"

"Kò fọwọ́ sí i," Tíṣà sọ. "Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù, ó wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ. Ó dákẹ́. Wọ́n ń wò ó, ó dákẹ́.

Máàsì Vass kúrò níbi òpó iná. Àwọn èèyàn yà fún un.

"Orúkọ mi wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Báwo ni wọ́n ṣe kọ ọ́?"

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ọwọ́ tó gún régé ni."

Ọkùnrin náà fi imú rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àwọn ará ìlú, kò gbé ohùn sókè. "Èmi ò mọ̀wé kọ," ó sọ. "Mi ò mọ lẹ́tà A yàtọ̀ sí àkàbà. Tíṣà mọ̀. Alẹ́ mọ́kànlá ló fi kọ́ mi, mo sá. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ orúkọ mi dáadáa, ẹ lọ mú un, kì í ṣe èmi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Clover wolẹ̀. Obìnrin kan ti àpótí kan sẹ́yìn Máàsì Vass, ó jókòó lé e.

"Máàsì Vass," Tíṣà bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín láàárọ̀..."

"Mi ò tíì dé orí ìyẹn." Ó dá a dúró bí ẹni dá ọmọdé dúró. "Inú yín ń bí mi, Tíṣà, ó sì máa pẹ́ kó tó tán. Ẹ jókòó. Ẹ ka ìwé yẹn fún mi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Láti òkè."

Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó tún gíláàsì rẹ̀ ṣe. Ó ka orúkọ ilé iṣẹ́ Pinnock. Ó ka gígùn pápá náà àti ìbú rẹ̀, ó ka ààlà tó ní pẹ̀lú odò, gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń kà á fún àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé. Lẹ́yìn páànù, obìnrin náà tún ti bẹ̀rẹ̀ orin ilẹ̀ yẹn, àwọn ọkọ̀ láti Kingston sì ti ń dé, àsíá kéékèèké ń fẹ́ lójú fèrèsé wọn.

"*Fún ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún yìí,*" Tíṣà kà, "*àti fún ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún, títí ọdún mẹ́wàá yóò fi pé.*"

Ó dúró. Kò rí ìlà yẹn nínú àgọ́. Ọdún mẹ́wàá. Àwọn ọmọ tó ń jó ríbọ́ọ̀nù á ti di àgbà, wọ́n á ti bímọ tí kò mọ̀ pé ìlú máa ń lọ sí pápá lọ́jọ́ náà. Ó gbójú sókè. Ó wá Lenworth nínú èrò, ó wá Pinnock, ó wá ẹnikẹ́ni tó lè bínú sí, ìbínú náà lọ yíká, ó sì padà wá bá a níbi tó jókòó sí. Ìgbà náà ló tó rẹ̀ ẹ́. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, orí ń fọ́ ọ, ó rántí pé òun kò tíì lo oògùn.

"Ẹ máa kà á lọ," Máàsì Vass sọ.

Ó ń kà á lọ. Ó ka orúkọ ẹni tó wà ní Kánádà àti orúkọ obìnrin tó wà lórí ibùsùn. Nígbà tó ka Vassell Dunkley, ọkùnrin náà mi orí bí ẹni tí wọ́n mú àlejò wá bá. Lẹ́yìn náà ló ka ìlà tó sọ pé lójú òun ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó sì ka orúkọ ara rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ó tán?"

"Ó tán, sà. Lọ́la, màá mú un lọ bá olórí àwọn Jéépì. Màá búra níwájú rẹ̀ pé irọ́ ni mo lu òǹtẹ̀ sí. Wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi."

"Wọ́n á gbà á," Máàsì Vass sọ. Kò sọ pé ó ṣe òun láàánú. Ó wo ẹ̀yìn, níbi tí àwọn tó pẹ́ dé ti ń na ọrùn tí béèsì kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ràn, ó sì tún yíjú sí i.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́, Tíṣà. Ẹ tún un kà."

Tíṣà Bramwell dìde dúró kí wọ́n lè rí i. Ó padà sí òkè ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kò fo ọ̀rọ̀ kan.